Ọ̀dà Ara Alùpùpù Àtijọ́: Bí A Ṣe Ń Wá Àwọ̀ Tó Bá A Jáde Nílé-Iṣẹ́

Alùpùpù àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ òní dá lé lórí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọ̀dà ara rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ tún alùpùpù bàbá rẹ̀ ṣe, kí ó padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tó jáde nílé-iṣẹ́, báwo ni yóò ṣe mọ àwọ̀ tó ní lọ́jọ́ náà? Ojú tó ń wò ó lónìí kò rí àwọ̀ yẹn mọ́. Oòrùn ti mú kí ó ṣá, epo bẹntiróò ti bó o níbì kan, pẹ́ńtà méjì tàbí mẹ́ta sì ti kun òmíràn lé e lórí.

Ní gúúsù Benin, ọ̀nà kan náà ló ti Àjàṣẹ́ lọ sí Sakété, tó gba Pobè kọjá, tó sì dé Kétu. Alùpùpù ló pọ̀ jù lórí rẹ̀. Àwọn tó ń ná ọ̀nà náà nísinsìnyí, Íńdíà àti Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Ṣùgbọ́n lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti nínú yàrá ẹrù, àwọn àgbà ẹ̀rọ ṣì wà níbẹ̀: Mobylette àti Peugeot 103 láti ilẹ̀ Faransé, Yamaha Mate àti Honda kékeré láti Japan. Òmíràn kò ní táyà mọ́. Òmíràn, adìẹ ló ń sùn lórí ìjókòó rẹ̀.

Ìtàn ńlá wà lára wọn. Motobécane, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1923, ló gbé Mobylette àkọ́kọ́ jáde ní 1949. Búlúù kan gbajúmọ̀ lára rẹ̀ débi pé àwọn Faransé ń pe ẹ̀rọ náà ní La Bleue. Peugeot gbé 103 tirẹ̀ jáde ní 1971. Nígbà tí gbèsè wọ Motobécane lọ́rùn, Yamaha dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà sì di MBK ní 1984. Ní ti Yamaha Mate, òun wà lára àwọn ẹ̀rọ tí àwọn zémidjan, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n fi ń gbé èèyàn àti ẹrù ní Àjàṣẹ́ kí alùpùpù tó gbapò rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí owó oṣù kò jáde déédéé mọ́ tí iṣẹ́ sì ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ náà bo Kútọnu mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré wọ̀nyẹn ló bọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ, ló san owó ilé-ìwé wọn.

Àjọ FIVA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1966 láti máa rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ káàkiri àgbáyé, ka ọkọ̀ tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ, tí wọn kì í fi í jáde lójoojúmọ́, sí ọkọ̀ ìtàn. Nípa òǹkà yẹn, Mate tí wọ́n ṣe ní 1990 tó wà lẹ́yìnkùlé ní Sakété ti wọ ẹgbẹ́ àgbà. Ó yẹ kí a wò ó pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ẹni tó bá gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tọ pẹ́ńtà lọ, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, àwọ̀ wo lẹ fẹ́?” Òun náà á ní, “Pupa ni tẹ́lẹ̀.” Pẹ́ńtà á na ọwọ́ sí agolo pupa tó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ takisí tó ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀rọ náà á máa dán. Ṣùgbọ́n pupa takisí ni, kì í ṣe pupa Yamaha. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà rí yóò dúró níwájú rẹ̀, yóò mọ̀ pé nǹkan kan yàtọ̀, bí kò tilẹ̀ lè sọ ohun náà. Ọ̀dà ilé-iṣẹ́ tó wà lábẹ́, tí ì bá jẹ́rìí, sáńpépà ti gbé e lọ.

Kí ló ń ṣe àwọ̀ tó fi ń ṣá? Ọ̀dà ní ìyẹ̀fun tó ń fún un ní àwọ̀, ó ní oje tó so ìyẹ̀fun náà mọ́ ara irin, ó sì ní tínà tó jẹ́ kí ó ṣeé fọ́n, tó máa ń fẹ́ lọ nígbà tó bá gbẹ. Oòrùn ní ìtànṣán kan tí ojú kò rí, ultraviolet ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń jẹ oje náà díẹ̀díẹ̀. Bí oje bá ti jẹ tán lójú ọ̀dà, ìyẹ̀fun á wà lásán láìsí ohun tó dì í mú. Ẹni tó bá fi aṣọ funfun tútù nu táńkì ògbólógbòó yóò rí i tí àwọ̀ ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ìyẹ̀fun fúnra rẹ̀ náà ń kú. Pupa ló sábà máa ń yára kú jù, nítorí pé apá búlúù àti ewé inú ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gbé mì, apá yẹn ló sì lágbára ju apá pupa lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ alùpùpù tó jẹ́ pupa fòò ní ọdún 1980 fi dà bí ẹni fẹ́ di àwọ̀ ọsàn tàbí píńkì lónìí.

Búlúù kan wà tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1928, nílé-iṣẹ́ aró kan ní Grangemouth, ní ilẹ̀ Scotland, ìkòkò iṣẹ́ kan là, irin ara rẹ̀ sì kan èròjà tó wà nínú rẹ̀. Ohun aláwọ̀ búlúù kan tí ẹnikẹ́ni kò wá yọ jáde. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ẹbí phthalocyanine ni, búlúù tó tinú ìmọ̀ náà wá sì dé ọjà ní 1935. Láti ìgbà náà ni búlúù àti àwọ̀ ewé ara ọkọ̀ ti ń pẹ́ lójú oòrùn ju pupa lọ. Nítorí náà, ẹni tó ní alùpùpù búlúù ní ìrètí púpọ̀ pé ohun tó ń rí kò jìnnà sí òtítọ́. Kí ẹni tó ní pupa má gba ohun tó ń rí gbọ́ rárá.

Oòrùn nìkan kọ́. Ilẹ̀ pupa agbègbè Plateau, níbi tí Pobè àti Sakété wà, tí àwọn ará ilẹ̀ Faransé ń pè ní terre de barre, máa ń wọ inú ọ̀dà tó ti là, á sì sọ funfun di rẹ́súrẹ́sú. Ní ẹ̀gbẹ́ Onigbolo, níbi tí wọ́n ti ń ṣe símẹ́ńtì, eruku símẹ́ńtì tí ìrì bá kàn lára táńkì máa ń le, ó sì máa ń jẹ ọ̀dà. Epo kpayo tó ti Nàìjíríà wá, tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, ti kàn sí etí ẹnu táńkì ní àìmọye ìgbà. Níbi tí wọ́n bá ti fi ọ̀dà tó kàn ń gbẹ nínú afẹ́fẹ́ kun ún, epo náà á yọ́ ọ, ọ̀dà á sì ṣàn sílẹ̀ ní ìlà gígùn tí gbogbo wa mọ̀.

Níbo ni òtítọ́ wà nígbà náà? Ó wà níbi tí oòrùn kò dé.

Ẹni tó bá tú ìjókòó alùpùpù kúrò yóò rí irin tí kò tíì rí ọ̀sán láti ọjọ́ tí wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀. Abẹ́ táńkì, níbi tó ti jókòó lórí férémù, tún dára. Abẹ́ àmì ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fi ìdè mú mọ́ ẹ̀gbẹ́ táńkì ni ó dára jù, nítorí pé apá táńkì tó hàn síta gan-an ni, ọ̀dà tó pé ni wọ́n fọ́n síbẹ̀. Abẹ́ táńkì lè ṣàìrí ju ìpele kan lọ nílé-iṣẹ́. Inú ilé iná iwájú, ẹ̀yìn nọ́ńbà, inú ìdérí ẹ̀gbẹ́ níbi tí bátìrì wà, abẹ́ sítíkà tí ẹnì kan lẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn: gbogbo wọn ni kí ó yẹ̀ wò. Kí ó má fi àyẹ̀wò ibì kan ṣoṣo dájọ́. Férémù àti táńkì lè má ní àwọ̀ kan náà, àwọn kan sì ti pààrọ̀ táńkì lọ́jà láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Bí ó bá ti rí ibi tó mọ́, kí ó kọ́kọ́ fi omi àti ọṣẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fọ̀ ọ́, kí ó wá fi èròjà ìdánra díẹ̀ pa á. Àwọ̀ tí yóò yọ lẹ́yìn ìyẹn ni kí ó fi pamọ́ sọ́kàn.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kun gbogbo ara ẹ̀rọ náà léraléra ńkọ́? Ọgbọ́n méjì wà. Àkọ́kọ́ ni ti aṣọ àti tínà. Àwọn ilé-iṣẹ́ Japan máa ń yan ọ̀dà alùpùpù wọn nínú ààrò gbígbóná lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ́n ọn tán, tí ó fi ń le, tí tínà kò fi ní rí i yọ́ bọ̀rọ̀. Ọ̀dà tí wọ́n fọ́n lẹ́bàá ọ̀nà tó kàn gbẹ nínú afẹ́fẹ́ kì í sábà le tó bẹ́ẹ̀. Bí pẹ́ńtà bá fi tínà díẹ̀ sórí aṣọ, tó ń nu ibì kékeré kan pẹ̀lú sùúrù, ọ̀dà òkè á bọ́ sára aṣọ, ti ilé-iṣẹ́ á sì dúró. Àwọ̀ mẹ́ta lè jáde lára aṣọ kan náà kí ó tó dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kí ó dá ọwọ́ dúró, nítorí pé àwọn ọ̀dà ilẹ̀ Yúróòpù kan tó ti pẹ́ gan-an náà máa ń yọ́ nínú tínà.

Ọgbọ́n kejì ni àwọn tó ń tọ́jú nǹkan àtijọ́ nínú mùsíọ́mù ń lò. Wọ́n á mú sáńpépà olómi tó kúnná, nọ́ńbà 600 títí dé 1000, wọ́n á yí i lórí ibì kan tí kò tóbi ju owó ẹyọ lọ, títí irin yóò fi hàn láàárín. Gbogbo ọ̀dà tí ẹ̀rọ náà ti wọ̀ á wá yí irin náà ká ní òrùka òrùka. Òrùka tó sún mọ́ irin jù ni ọ̀dà ìpìlẹ̀, tí ó lè jẹ́ eérú tàbí pupa ìpẹtà. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti ilé-iṣẹ́. Èyí tó kù jẹ́ ìtàn àwọn tó ti ni ín. Kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé ọ̀dà ìpìlẹ̀ náà ṣe pàtàkì: àwọ̀ fẹ́lẹ́ tí wọ́n bá fọ́n lé eérú kò lè jọ èyí tí wọ́n fọ́n lé pupa.

Ìtàn àti ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú máa ń jẹ́rìí. Nígbà tí Yamaha kọ́kọ́ ṣe alùpùpù ní 1955, dúdú ló wọ́pọ̀ lára alùpùpù Japan. Yamaha kun YA-1 tirẹ̀ ní pupa ṣíṣú àti àwọ̀ eyín erin, àwọn ará ibẹ̀ sì sọ ọ́ ní Akatombo, ìyẹn lámilámi pupa. Ẹni tó bá fi dúdú kun YA-1 lónìí, ó ti pa ohun tó mú kí ẹ̀rọ náà yàtọ̀. Honda ní tirẹ̀ máa ń fún àwọ̀ ní lẹ́tà àti nọ́ńbà. R dúró fún pupa, Y fún ofeefee, G fún àwọ̀ ewé, PB fún búlúù tó fẹ́ di elése àlùkò, NH sì dúró fún dúdú, eérú àti funfun tí kò ní àwọ̀ mìíràn nínú. NH-1 ni dúdú. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà wọ̀nyí bá ètò tí Albert Munsell, ará Amẹ́ríkà, fi to àwọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún mu. Lára àwọn ẹ̀rọ tí kò pẹ́ púpọ̀, èèyàn lè rí irú àmì bẹ́ẹ̀ lára ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìjókòó.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í ṣe ọ̀dà. Ó ń sọ orúkọ àwọ̀, kò sọ ìwọ̀n ìyẹ̀fun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ọ̀dà ní ìlú ńlá ni wọ́n lè fi nọ́ńbà náà wá ìwọ̀n ìpòpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà wọn, bí ó bá wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, àwọn kan á ní kí oníbàárà mú èyí tó sún mọ́ ọn jù nínú ìwé RAL, ètò àwọ̀ tí àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ogójì àwọ̀ ní 1927. RAL dára fún géètì ilé àti fún kọ́ńténà. Fún alùpùpù ìtàn, “èyí tó sún mọ́ ọn” kò tó.

Fọ́tò àtijọ́ ńkọ́? Seydou Keïta, tó ṣí ilé fọ́tò rẹ̀ ní Bamako ní 1948, ní Vespa kan tí àwọn oníbàárà rẹ̀ lè dúró tì láti ya fọ́tò. Fọ́tò dúdú-àti-funfun ni. Ó lè fi ibi tí ìlà gba hàn, ó lè fi ibi tí àmì wà hàn, kò lè sọ àwọ̀. Fọ́tò aláwọ̀ ti àwọn ọdún 1970 tilẹ̀ lè tan èèyàn jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aró inú rẹ̀ máa ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í kú pa pọ̀, ìdí nìyẹn tí fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí wa fi ń pọ́n. Alùpùpù tó wà nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ á pọ́n pẹ̀lú wọn. Kí a fi fọ́tò wo ìrísí, kí a má fi wo àwọ̀.

Ọ̀dà kan wà tó le láti bá dọ́gba ju gbogbo ìyókù lọ: candy. Honda CB750, tó jáde ní 1969, ní i ní pupa, ní búlúù tó dà pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé, àti ní wúrà. Kò sí bí pẹ́ńtà ṣe lè po candy sínú agolo kan kí ó sì fọ́n ọn tán. Ọ̀dà fàdákà ló ń lọ sábẹ́. Lórí rẹ̀ ni ọ̀dà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá yóò wá, ìpele lé ìpele, kí fáníìṣì tó bò ó. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé, á kan fàdákà, á padà jáde, àwọ̀ náà á sì jinlẹ̀ lójú. Bí ìyá aláró ṣe ń ti aṣọ bọ inú ìkòkò ẹlú, tó ń nà án sí afẹ́fẹ́, tó tún ń tì í bọ̀ ọ́, tí iye ìgbà tó rì í ṣe ń sọ bí búlúù náà yóò ṣe ṣú tó, bẹ́ẹ̀ ni iye ìpele ṣe ń sọ àwọ̀ candy. Pẹ́ńtà tó fọ́n ìpele mẹ́ta sí táńkì, tó wá fọ́n mẹ́rin sí ìdérí ẹ̀gbẹ́, ti ní àwọ̀ méjì lára ẹ̀rọ kan. Kí ó ka ìpele rẹ̀, kí ó sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rere ti ń bàjẹ́. Àwọ̀ méjì lè bára mu lábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n dé ìta kí wọ́n yàtọ̀ pátápátá. Ohun tó fà á ni pé ìyẹ̀fun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Wọ́n kàn ṣe déédéé lábẹ́ iná yẹn ni. Iná LED kò sì ní gbogbo àwọ̀ oòrùn nínú ní ìwọ̀n kan náà. Nítorí náà, kí pẹ́ńtà gbé ọ̀dà rẹ̀ jáde síta, kí ó wò ó ní ibòji gbangba, láti bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán. Ìmọ́lẹ̀ ìyálẹ̀ta kò jọ ti ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti pọ́n. Kí ó má wò ó lábẹ́ igi máńgòrò, nítorí pé ewé á da àwọ̀ ewé lé e. Kí ó má wò ó lẹ́bàá ògiri amọ̀ pupa, irú èyí tó pọ̀ ní Pobè àti Sakété, nítorí pé ògiri náà á da pupa lé e. Aṣọ tó wọ̀ pàápàá ń dá sí i: zémidjan tó wọ aṣọ ofeefee tó dúró ti táńkì funfun ti sọ ọ́ di ofeefee díẹ̀.

Kí ó wò ó fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ó gbójú kúrò, kí ó tún wò ó. Ojú tó bá tẹjú mọ́ pupa pẹ́ kì í rí pupa dáadáa mọ́. Ó sì dára kí ó pe ẹlòmíràn. Láàárín àwọn ará Yúróòpù, nǹkan bí ọkùnrin kan nínú méjìlá ni kò lè ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé dáadáa. Nínú igba obìnrin, nǹkan bí ẹnì kan ni. Iye náà kéré sí bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà, ṣùgbọ́n ó wà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in kò sì mọ̀. Ìyàwó tó ń ta aṣọ lọ́jà Pobè, tó ń fi ojú lásán mú òwú tó bá ankara mu, lè gba ọkọ rẹ̀ pẹ́ńtà lọ́wọ́ àṣìṣe ńlá.

Ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀ náà wà, spectrophotometer ni orúkọ rẹ̀. Ó máa ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀dà, á sì wọn èyí tó padà, láti apá elése àlùkò títí dé pupa. Lórí ọ̀dà tí kò ní fàdákà nínú, ó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Lórí candy àti ọ̀dà oní-fàdákà, èyí tó ń wò láti igun kan ṣoṣo máa ń ṣìnà, nítorí pé àwọ̀ náà ń yí padà bí ojú bá ṣe yí. Bí ẹ̀rọ bá sọ̀rọ̀ tán, ojú ló ń dájọ́.

Ní ti ìpòpọ̀ fúnra rẹ̀, òṣùwọ̀n ni kí wọ́n lò, kì í ṣe ṣíbí. Kí pẹ́ńtà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó mọ́lẹ̀ lọ sí ibi tó ṣú, nítorí pé ẹ̀kán dúdú kan lè ba lítà kan jẹ́. Kí ó má fi ọ̀dà tútù dájọ́. Ọ̀dà tútù kì í jọ gbígbẹ. Kí ó fọ́n ọn sórí pánẹ́ẹ̀lì kékeré tó ti ní ọ̀dà ìpìlẹ̀ kan náà pẹ̀lú ti táńkì, kí ó fi fáníìṣì bo ìdajì rẹ̀, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, kí ó wá gbé e lé ibi tí wọ́n ti rí ojúlówó àwọ̀, kí etí méjèèjì kan ara wọn. Ọwọ́ tó ń fọ́n ọn náà ń pinnu nǹkan: ọ̀dà oní-fàdákà tí wọ́n fọ́n gbígbẹ láti ọ̀nà jíjìn máa ń mọ́lẹ̀ ju èyí tí wọ́n fọ́n olómi láti itòsí lọ. Ẹni tó fọ́n pánẹ́ẹ̀lì ni kí ó fọ́n alùpùpù, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́.

Ojú ọjọ́ wa kò sì rọrùn. Àsìkò òjò méjì là ń rí lọ́dún ní gúúsù Benin. Ní àsìkò náà, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń wọ inú ọ̀dà tó ń tètè gbẹ, á sì mú kí ojú rẹ̀ funfun rúúrúú. Ní ọyẹ́, eruku ló ń bà lé e. Ìwọ̀nba àkókò tí òjò ti dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ kò tíì mú ló dára jù. Bí kò bá sí yàrá tó ní ìdérí, kí ẹni tó ní sùúrù dúró dè é.

Ike tún wà. Nígbà tí Honda gbé Super Cub jáde ní 1958, polyethylene ni wọ́n fi ṣe ìbòjúgun rẹ̀, ohun tí alùpùpù kankan kò tíì ní tẹ́lẹ̀. Inú ike náà gan-an ni àwọ̀ wà. Kì í ṣe ọ̀dà tí wọ́n kùn ún. Ọ̀dà kì í sábà lẹ̀ mọ́ irú ike yẹn, á bọ́ kí ọdún tó yí po. Nígbà tó jẹ́ pé Honda ti ṣe ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù Super Cub lọ láti ọdún 2017, kí ẹni tí ike rẹ̀ ti bàjẹ́ wá òmíràn dípò tí yóò fi kùn ún.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìlera, nítorí pé àwọn ọmọ iṣẹ́ wa ló ń mí in símú. Ofeefee àti pupa yòò àtijọ́ púpọ̀ ni wọ́n fi òjé ṣe. Eruku òjé kì í tán lára ọmọdé bọ̀rọ̀, ó sì ń ba ọpọlọ jẹ́. Kí wọ́n máa fi omi ha ọ̀dà, kí wọ́n má ha á ní gbígbẹ, kí ọmọ má sì sí nítòsí. Ọ̀dà alápòpọ̀ méjì, èyí tí wọ́n ń da hádínà sí, ní isocyanate nínú, tó lè sọ èèyàn di oníkọ́-fée (asthma) títí ayé. Aṣọ tí wọ́n so mọ́ imú kò dá a dúró. Ìbòmú tó ń gba afẹ́fẹ́ mímọ́ láti ibòmíràn ni ó yẹ kí wọ́n lò, kí àyè sì gba afẹ́fẹ́.

Ìbéèrè tó ṣáájú gbogbo èyí ni bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí a tún kun ẹ̀rọ náà. Ìwé àdéhùn FIVA tí wọ́n fi ìlú Turin sọ lórúkọ fi títọ́jú ohun tó wà ṣáájú àtúnkùn, ó sì ní kí gbogbo ohun tí a bá yí padà wà ní àkọsílẹ̀. Romuald Hazoumè, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ ní 1962, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Irú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń fi alùpùpù gbé epo kọjá ẹnubodè ló fi ń ṣe ìbòjú. La Bouche du Roi, iṣẹ́ rẹ̀ tó ní ìbòjú 304, ni British Museum ní London rà ní 2007. Kò fi ọ̀dà tuntun bo egbò ara kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyẹn. Egbò náà ni ẹ̀rí.

Èrò ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé bí ọ̀dà ilé-iṣẹ́ bá ṣì bo ju ìdajì ẹ̀rọ lọ, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ha á kúrò. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dá ìpẹtà dúró, ẹ fi fáníìṣì bo ibi tó ń bó, ẹ sì fi í sílẹ̀. Bí ó bá ti bàjẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ kùn ún, ṣùgbọ́n ẹ fi ibì kékeré kan sílẹ̀ lábẹ́ ìjókòó láìkùn, kí ẹni tí yóò tún ṣe é ní ogójì ọdún sí i lè rí i.

Kí ẹ̀yin olùgbọ́ wa tó gbé alùpùpù yín lọ sọ́dọ̀ pẹ́ńtà, ẹ yọ ìjókòó àti àmì ẹ̀gbẹ́ táńkì rẹ̀, ẹ ya fọ́tò ohun tó wà lábẹ́ wọn ní ibòji, ẹ fi ègé ọ̀dà náà sínú ìwé funfun tó gbẹ, ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ àti ọdún sí i lára. Bí pẹ́ńtà bá po àwọ̀ tán, ẹ ní kí ó fún yín ní ìwọ̀n rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀, ẹ sì tọ́jú ìwé náà pẹ̀lú ìwé alùpùpù.